Ẹni Tí Yóò Di Ẹ̀gbẹ́ Kejì Mú

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọpẹ́ mi kí ohùn mi tó já mi kulẹ̀. Ọlọ́run tó dá irin, tó sì dá ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, mo wá fi ẹnu ara mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wo máíkì yìí láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún tí mi ò lè dìde. Sístà tó ń darí ẹ̀rí ti bi mí títí ó fi sú u. Mo ní kó jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ọwọ́ mi ná. Iṣẹ́ ti parí, mo ti dé.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Dámilọ́lá, ní Òkè-Ogbó. Iṣẹ́ páànù ni èmi àti ọkọ mi jọ ń ṣe lẹ́yìn ilé wa. Àpótí páànù táwọn ọmọ máa ń gbé lọ síléèwé tí wọ́n bá fẹ́ lọ gbé ibẹ̀, ófùnù àwọn oníbúrẹ́dì, gọ́tà tó ń gba omi òjò létí òrùlé, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe. Púpọ̀ nínú yín ló ní iṣẹ́ wa nílé tí ẹ ò mọ̀. Àpótí ọrẹ tó wà níwájú yẹn, àwa la ṣe é. Ẹ má wulẹ̀ wò ó báyìí, ẹ gbọ́ mi ná.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí a ti ń ṣiṣẹ́ náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Bí aránṣọ ti máa ń ṣẹ́tí aṣọ, bẹ́ẹ̀ làwa náà máa ń ṣẹ́ etí páànù, kí ó má baà gé èèyàn lọ́wọ́, kí ó sì lè lágbára. Páànù kékeré, èèyàn lè dá ṣẹ́ ẹ. Èyí tó bá gùn, ó di iṣẹ́ ẹni méjì. A máa tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó ní irin létí, a máa gbé irin mìíràn lé e kó má baà yẹ̀. Baba Dámilọ́lá á dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, èmi á dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì, òòlù onígi á wà lọ́wọ́ oníkálukú. Òun á máa lù ú bọ̀ láti ọ̀hún, èmi á máa lù ú bọ̀ láti ìhín, títí a ó fi pàdé láàrin. Bí ẹnì kan bá yára ju ẹnì kejì lọ, páànù náà á lọ́, ó sì bàjẹ́ nìyẹn. Àwa kì í yára ju ara wa lọ. A lè fi gbogbo àárọ̀ jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, tí a bá ti dé ìdí páànù, òòlù wa á bára mu. Ojoojúmọ́ ni mò ń pàdé ọkọ mi láàrin páànù. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mo ní láyé nìyẹn.

Àìsàn tí kò pẹ́ rárá ló mú un lọ. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi sin ín, Ọlọ́run á san án fún yín. Mi ò wá sọ ti ikú rẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e ni mo wá sọ.

Àárò rẹ̀ wá ń sọ mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, kì í ṣe lórí ibùsùn bí ẹlòmíràn ti lè máa rò. Ọ̀rọ̀ ibùsùn, èèyàn á fa aṣọ borí, á sùn. Ìdí tábìlì yẹn ni àárò ti máa ń sọ mí. Màá gbé òòlù, màá lù ú lẹ́ẹ̀kan, màá wá máa retí ìró tiẹ̀ láti ọ̀hún. Etí mi kò gbà pé ó ti lọ. Ojú mi gbà, ẹnu mi gbà, torí mo ti gba ìkíni títí ẹnu fi bó, ṣùgbọ́n etí mi kò gbà rárá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Baba Ṣèyí, wá jókòó sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó wá fi ojú burúkú wò ó. Ó ní irin ń dípẹtà, pé obìnrin kan ṣoṣo kò lè dá iṣẹ́ ẹni méjì ṣe, pé òun mọ ẹnì kan ní Iléṣà tó máa kó gbogbo irinṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n wá máa lọ bá Dámilọ́lá ní Ìbàdàn, kí n lọ sinmi. Dámilọ́lá náà ti ń sọ ohun kan náà fún mi lórí fóònù. Kò sí ẹni tó ṣe mí níkà. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń tì mí kúrò nídìí iṣẹ́ mi, ìyẹn ló sì le jù, torí èèyàn kì í rí ẹnu bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó di ẹ̀yìn Ìkórè. Ó ní ó dáa, pé tí a bá ti ṣe Ìkórè tán, tí iṣẹ́ ò bá sí lórí tábìlì yẹn, òun á mú ẹni náà wá. Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá kó irinṣẹ́ yẹn jáde, ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń gbúròó ọkọ mi ti lọ nìyẹn. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ rántí pé mo gbé e wá síbí. Mo ní kí ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó fún mi ní ẹni tí yóò di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Pásítọ̀ gbàdúrà, ẹ sì ṣe àmín tó dún dé ọ̀nà. Ọlọ́run dáhùn pẹ̀lú, torí àwọn èèyàn wá. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti àdúgbò wa, ó ń lu páànù bí ẹni ń pa ejò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ sílé kó tó pa mí mọ́ ọn. Ẹlòmíràn tún wá, iṣẹ́ dá a lójú, òòlù rẹ̀ sì tutù. Èmi ni mi ò lè wo ojú rẹ̀. Tí a bá ti ń súnmọ́ àárín, tí mo bá gbójú sókè tí mo rí ojú tí kì í ṣe ojú tí mo mọ̀, ọwọ́ mi á wúwo. Mo ní kó má wá mọ́. Títí di òní, ó rò pé òun ṣẹ̀ mí ni.

Ìgbà yẹn ni mo rántí fódà. Nígbà kan, èmi àti ọkọ mi gbé iṣẹ́ lọ sí ọgbà yunifásítì, mo sì rí ẹ̀rọ kan nínú wọ́kìṣọ́ọ̀bù tí a gbé e lọ. Fódà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti páànù bọ̀ ọ́, ẹnì kan gbé irin kan sókè, páànù sì tẹ̀ láti etí dé etí láìsí òòlù rárá. Mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí. Nígbà tí a wọ táksí pé ká máa bọ̀ nílé, mo sọ fún ọkọ mi pé ká ṣe irú rẹ̀ fún ara wa. Ó wò mí, ó ní, "Kí la fẹ́ fi ṣe? Ṣé ìwọ ò sí níbẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí a fi dé ilé. Lẹ́yìn tó lọ tán, ọ̀rọ̀ yẹn wá ń dùn mí bí ọgbẹ́ tí omi kàn. Èmi wà níbẹ̀. Òun ni kò sí.

Mo pinnu pé màá ṣe fódà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù ní Modákẹ́kẹ́. Mò ń gbé irin sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń di ojú kan, mò ń fi èkejì wò ó bóyá ó gún, bí mo ti máa ń rí i tí ọkọ mi ń ṣe. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ń fojú sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé irin náà dé ilé, ó gùn jáde lẹ́yìn bí ìrù, mo sì dì í mú lójú ọ̀nà bí ẹni di màlúù mú.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya bí mo ṣe fẹ́ kó rí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn ilé. Gbénga wẹ́dà, tó ń jórin ní ìkóríta wa, ló bá mi jó o pọ̀. Irin mẹ́ta ni fódà, ẹ fọkàn yà á. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ tí páànù máa sùn lé. Ọ̀kan wá látòkè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bóòtù sì fún un pa. Ìkẹta rọ̀ sílẹ̀ níwájú wọn lórí híńjì, bí ilẹ̀kùn tó dùbúlẹ̀. Òun la máa gbé sókè tó máa ṣẹ́ páànù. Híńjì géètì la lò. Lákọ̀ọ́kọ́, a gbé e sí ìsàlẹ̀ jù, irin náà ń họ páànù dípò kó tẹ̀ ẹ́. Gbénga tún jó o kúrò, a gbé e ga kí ojú rẹ̀ lè bá etí irin dọ́gba. Oòrùn ń pa wá, èéfín ń wọ̀ mí lójú, inú mi sì ń dùn. Mi ò purọ́. Inú mi ń dùn bí ẹni tó ń se oúnjẹ de ẹni tó ń bọ̀ láti ìrìnàjò.

Láàrin ìgbà náà, ìyá oníbúrẹ́dì kan tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ wá bá mi. Ilẹ̀kùn ófùnù rẹ̀ ti jẹrà, ó fẹ́ tuntun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ìkórè ti kọjá nígbà náà, Baba Ṣèyí sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, tí wọ́n bá dé tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ófùnù lórí tábìlì, ẹjọ́ ti parí.

Ọ̀sán ọjọ́ tí fódà parí, èmi àti Gbénga tẹ́ páànù sí i, páànù tuntun tó ń dán. A fún bóòtù. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ̀gbẹ́ tí mo ti máa ń dúró látọjọ́ pípẹ́, mo di ìdìmú tó wà níbẹ̀ mú. Mo sì dúró.

Ẹ̀yin ará, mo dúró. Mò ń retí kí ẹnì kan di ti ọ̀hún mú.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Ìdìmú méjì ni mo yà sára fódà náà, ọ̀kan níbi tí mo dúró sí, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kejì. Fódà tí mo ní mo ń ṣe kí n lè dá ṣiṣẹ́, ẹni méjì ni mo ṣe é fún. Ọkọ mi ni mo ṣe ìdìmú kejì dè. Ọwọ́ mi ló yà á, tí ọkàn mi kò sọ fún mi.

Bí orí kunkun mi ti rí, mo gbé tèmi sókè náà. Ẹ̀gbẹ́ mi gbéra, ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún kọ̀, irin náà wọ́, páànù tuntun sì lọ́ bí ewé tí oòrùn pa. Mo bojú wo Gbénga. Ó ti gbé ojú sílẹ̀. Ó ní, "Mo rí i, Mà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì yà á ni mo ti rí i. Ẹnu mi ni kò gbà á láti sọ fún yín."

Mo ní kó máa lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú fódà náà nínú oòrùn, mo sì sọkún bí mi ò ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a sin ín. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èèyàn pọ̀ jù, ẹnu kò sinmi, kí ẹ gba tibí, kí ẹ gba tọ̀hún. Lọ́jọ́ yìí, èmi àti irin nìkan ni.

Mo wá gbàdúrà. Mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù sọ fún Ọlọ́run pé kó fún mi ní ẹnì kan. Mo wá rí i pé kì í ṣe ẹnì kan ni mo fẹ́. Ẹ̀yin ìyá mọ bó ṣe máa ń rí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ mi, mi ò fi orúkọ pè é rí. Kí a tó bímọ, "ẹ gbọ́ ná" ni mò ń pè é. Nígbà tí a bímọ, ó di Baba Dámilọ́lá. Wọ́n kọ orúkọ náà sórí pósítà, wọ́n kọ ọ́ sára sàréè, mi ò fi ẹnu mi pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo la ẹnu, mo ní, "Bàbá, Adéwálé ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Adéwálé ni kí o dá padà fún mi."

Mo sọ ọ́ tán. Mi ò gbọ́ ohùn kankan, mi ò rí ìran. Ẹni tó bá ti ń retí pé áńgẹ́lì kan á gba ẹ̀yìn ilé wa wọlé, kó má bínú sí mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohun kan tó ti há sí mi láyà látọjọ́ ikú rẹ̀ jáde lọ pẹ̀lú orúkọ yẹn. Mo ti béèrè ohun tí mo fẹ́ gan-an, Ọlọ́run sì ti gbọ́, kò sì bínú. Ó kọ̀ ọ́ fún mi, àmọ́ kò bínú. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tí bàbá ẹni bá ní rárá, tó sì tún fa ẹni mọ́ra.

Mo fẹ́ dìde. Orúnkún àgbà kì í dá dìde, mo na ọwọ́ kí n fi irin náà gbéra. Àárín ni ọwọ́ mi bà. Irin náà gbéra síwájú, etí méjèèjì sì jọ gbéra. Mo dá a padà sílẹ̀. Mo tún fà á láti àárín, wọ́n tún jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ọwọ́ èèyàn méjì wà lára rẹ̀. Mo tún jókòó. Ẹ̀rín ló ń pa mí níbi tí omi ṣì ti wà lójú mi.

Mo pe Gbénga padà. Ó gé ìdìmú méjèèjì kúrò. Mo ní kó má jù wọ́n nù, kó jó wọn pọ̀ mọ́ ara wọn kó di ọ̀pá kan tó gùn, kó gbé e sí àárín gbùngbùn. Ó fi irin mìíràn ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà tẹ̀. Ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣẹ́ ilẹ̀kùn ófùnù gan-an ni Baba Ṣèyí dé, òun àti ọkùnrin ará Iléṣà náà. Páànù ti wà nínú fódà, mo ti fún bóòtù. Kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn tán, Baba Ṣèyí ti ṣí fìlà, ó ti ká apá aṣọ. Ó rí páànù tó gùn, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ láti ràn mí lọ́wọ́. Ibi tí àbúrò rẹ̀ máa ń dúró sí gan-an ló dúró sí. Ojú rẹ̀ jọ ti ọkọ mi bó ti bẹ̀rẹ̀ yẹn.

Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tó máa dì mú, kò rí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi nìkan ti tó o."

Mo dúró sí àárín. Mo di ọ̀pá náà mú, mo gbé e sókè, mi ò yára, mi ò dúró. Páànù náà ṣẹ́ láti etí dé etí, ó gún régé. Baba Ṣèyí fi ìka tọ ojú ibi tó ṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tó dúró sí títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi láàrin. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin, tí kò jẹ́ ká rí omijé rẹ̀ ní ìsìnkú. Ó yíjú sí ọkùnrin ará Iléṣà, ó ní kó má bínú, pé ìrìnàjò rẹ̀ kò ní já sófo, òun á fún un ní iṣu tó máa gbé padà lọ, ṣùgbọ́n kò sí irin tó ń lọ mọ́.

Ilẹ̀kùn náà ti wà lára ófùnù báyìí. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ yìí lè ti jẹ nínú rẹ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ ìsinmi tí mi ò tọrọ.

Mi ò ní parọ́ lórí máíkì yìí pé àárò ti tán. Kò tán. Ó ṣì ń sọ mí bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi ni pé ó fún mi ní ibi tí mo lè dúró sí tí mo fi ń ṣàárò, tí ọwọ́ mi kò sì ní dilẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mò ń dúró retí. Nísinsìnyí, mò ń ṣiṣẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá kún mi nínú, màá pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, màá sì tún gbé irin sókè.

Nítorí náà, ẹ bá mi yọ̀. Àwọn tó ń tẹ dùùrù, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ ká ṣe nǹkan kan kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tó bá ń ṣàárò ẹni tí kò ní padà wá, ọkọ ni o, ìyàwó ni, ọmọ ni, òbí ni, mo bẹ̀ ọ́, dìde níbi tó o wà. Má tíì nu ojú rẹ. Fi ẹnu ara rẹ pe orúkọ ẹni náà, kó o tó sọ pé o dúpẹ́. Ọlọ́run kò ní bínú, mo ti dán an wò.

Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun, mo rí yín. Àwọn akọrin náà? Pásítọ̀, ẹ̀yin náà.

Háà. Mi ò mọ̀ pé a pọ̀ tó báyìí.